Ilé Àwọn Mọ́ńkì ní La Chaise-Dieu àti Àjọ̀dún Orin Ibẹ̀

La Chaise-Dieu jẹ́ ìlú kékeré kan lórí òkè ní ẹkùn Auvergne, láàárín gbùngbùn ilẹ̀ Faransé. Ó fi mítà 1,082 ga ju ìtẹ́jú òkun lọ, igbó igi páìnì yí i ká, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kò sì tó ẹgbẹ̀rún kan. Nígbà òtútù, yìnyín ló máa ń bò ó. Ṣùgbọ́n bí oṣù Kẹjọ bá ti ń lọ sópin, èrò á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ síbẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn nítorí orin: orin ìsìn àti orin àwọn àgbà olórin ilẹ̀ Yúróòpù, tí wọ́n ń kọ ní ìrọ̀lẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì òkúta ńlá kan tí Póòpù kọ́ ní ọ̀rúndún kẹrìnlá. Ọdún 1966 ni àjọ̀dún orin yìí bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni bí ilé tí a kọ́ fún àwọn tó sá fún ayé ṣe di ibi tí ayé ń sá lọ.

Robert ti Turlande ló tẹ ibẹ̀ dó. Ọmọ ìdílé ọlọ́lá ni, ó sì jẹ́ àlùfáà ní ṣọ́ọ̀ṣì Julien Mímọ́ ní ìlú Brioude. Ní 1043, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì fi ìlú sílẹ̀, wọ́n gun òkè tó tutù yìí lọ láti máa gbàdúrà. Wọ́n pe ibẹ̀ ní Casa Dei lédè Látìn, ìyẹn ilé Ọlọ́run, orúkọ yìí ló sì di La Chaise-Dieu lẹ́nu àwọn Faransé. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí wọ́n wá lọ kò pẹ́ tó fi tán, nítorí àwọn ènìyàn ń tẹ̀ lé wọn lọ síbẹ̀ ni. Kí Robert tó kú ní 1067, ilé náà ti di gbajúmọ̀. Ní 1070 Ìjọ kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1095, Póòpù Urban Kejì dé ibẹ̀ nígbà tó ń lọ sí Clermont, níbi tó ti kéde Ogun Àgbélébùú àkọ́kọ́, ó sì ya ṣọ́ọ̀ṣì wọn sí mímọ́.

Òfin Benedict Mímọ́ ni àwọn mọ́ńkì náà ń tẹ̀ lé. Òfin yìí pa á láṣẹ pé kí wọ́n péjọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà méje lójúmọ́ àti lẹ́ẹ̀kan láàárín òru, kí wọ́n sì kọ gbogbo Sáàmù, àádọ́jọ ni wọ́n, tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kíkọ ni, kì í ṣe kíkà lásán. Ohùn kan náà ni gbogbo wọn ń gbé, apá kan á dá a, apá kejì á gbè é. Iṣẹ́ ni wọ́n ka orin yìí sí, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ oko àti ìwé kíkọ. Wọn kì í pe ẹnikẹ́ni wá gbọ́ wọn, a kì í sì í pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ó yẹ kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí bí a bá wo ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà lónìí dáadáa, a ó rí i pé tìtorí orin kíkọ ni wọ́n ṣe ṣe púpọ̀ nínú wọn.

Ní 1301, wọ́n mú ọmọ ọdún mẹ́wàá kan wọ ilé yìí. Pierre Roger ni orúkọ rẹ̀. Orí rẹ̀ pé, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ó kàwé ní Paris, ó di bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní Rouen, ó di kádínà, nígbà tó sì di 1342, wọ́n fi í jẹ Póòpù, ó ń jẹ́ Clement Kẹfà. Àwọn Póòpù kò gbé Róòmù lákòókò yẹn. Ìlú Avignon ní gúúsù Faransé ni wọ́n wà. Clement fẹ́ràn ọlá, kò sì fi bò. Òun ló ra Avignon fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ Ọbabìnrin Joanna ti Naples ní 1348, òun náà ló sì fẹ ààfin ibẹ̀. Kò gbàgbé ilé tó tọ́ ọ dàgbà. Ní 1344, ó ní kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun sí La Chaise-Dieu dípò ti àtijọ́, nítorí ibẹ̀ ló fẹ́ kí wọ́n sin òun sí. Hugues Morel ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn akọ́lé. Ìgbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ ni àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1348 wọ Avignon, tó pa àìmọye ènìyàn káàkiri Yúróòpù, síbẹ̀ wọ́n ń kọ́lé náà lọ. Owó Póòpù ló ń ṣe é. Clement kú ní òpin ọdún 1352. Ní ọdún kejì wọ́n gbé òkú rẹ̀ láti Avignon wá sí La Chaise-Dieu. Ọmọ arákùnrin rẹ̀, tí òun náà di Póòpù Gregory Kọkànlá ní 1370, ló ná owó sí ohun tó ṣẹ́kù.

Ṣọ́ọ̀ṣì yìí kò jọ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì gogoro ti àríwá Faransé tí àwòrán wọn pọ̀ nínú ìwé. Òkúta akọ ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó sanra, ó fẹ̀, àjà rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ga. Ọ̀nà tó wà lápá ọ̀tún àti ti òsì fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó àárín, òpó onígun mẹ́jọ tí kò ní ọnà kankan lórí ló sì gbé gbogbo rẹ̀ ró. Ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, wọ́n fi ògiri òkúta ọlọ́nà kan dá a sí méjì. Ìhà iwájú, níbi tí pẹpẹ wà, jẹ́ ti àwọn mọ́ńkì. Ìhà ẹ̀yìn jẹ́ ti àwọn ará ìlú àti àwọn tó bá rin ìrìn àjò ìsìn wá. Ibojì Clement wà láàárín àwọn mọ́ńkì gan-an, ère rẹ̀ tí wọ́n fi mábù funfun gbẹ́ sùn gbalaja lórí mábù dúdú, kí wọ́n lè máa kọrin yí i ká tọ̀sán-tòru. Àga igi óákù 144 ló tò sí apá méjèèjì, wọ́n kọjú síra wọn bí apá méjì tó ń dáhùn ara wọn nínú Sáàmù. Ìjókòó irú àga bẹ́ẹ̀ ṣeé ká sókè, pátákó kékeré kan á sì yọ jáde lábẹ́ rẹ̀. Òfin ní kí mọ́ńkì wà lórí ìdúró. Pátákó yìí ni àwọn àgbà fi ń ti ìdí nígbà tí Sáàmù bá gùn, tí ẹni tó bá wò wọ́n lókèèrè á sì rò pé wọ́n dúró. Ẹni tó gbẹ́ ẹ mọ ohun tí ẹsẹ̀ arúgbó ń sọ.

Lẹ́yìn àwọn àga yìí, lára ògiri tó kọjú sí àríwá, ni àwòrán tó sọ ṣọ́ọ̀ṣì náà di olókìkí jù wà. Ijó Òkú ni wọ́n ń pè é. Ó gùn tó mítà 26, ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n sì yà á. Òkú kan àti alààyè kan, òkú kan àti alààyè kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tò tẹ̀ léra wọn: Póòpù wà níwájú, olú-ọba wà, kádínà wà, oníṣòwò wà, àgbẹ̀ àti ọmọ kékeré wà. Àwọn òkú ló ń jó. Ara wọn yá, wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè, wọ́n na ọwọ́ sí àwọn alààyè, àwọn alààyè náà sì dúró gbagidi bí ẹni pé wọn kò gbọ́ ìlù. Àwọ̀ pupa bí ilẹ̀ amọ̀ ló wà lẹ́yìn wọn. Ayàwòrán náà kò parí iṣẹ́ rẹ̀. Ní ibòmíràn, ìlà tó kọ́kọ́ fà nìkan la rí, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣe kedere nínú wọn ju bí ì bá ti ṣe kedere lọ ká ní ó ti kùn ún tán.

Ní 1518, olórí ilé náà, Jacques de Saint-Nectaire, fi aṣọ ògiri mẹ́rìnlá ta ilé lọ́rẹ. Irun àgùntàn àti sílíìkì ni wọ́n fi hun wọ́n, ìgbésí ayé Jésù ló sì wà lára wọn. Àárín aṣọ ni ìtàn láti inú Májẹ̀mú Tuntun máa ń wà, méjì láti inú Májẹ̀mú Láéláé á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń ṣàpẹẹrẹ rẹ̀. Òkè àga àwọn mọ́ńkì ni wọ́n fi kọ́. Wọ́n ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń ṣe iṣẹ́ mìíràn: irun àgùntàn máa ń fa ohùn mu, tí orin kò fi ní máa pariwo padà lára òkúta.

Saint-Nectaire ni olórí tó kẹ́yìn tí àwọn mọ́ńkì fúnra wọn ní. Ní 1516, Ọba François Kìíní àti Póòpù Leo Kẹwàá ti ṣe àdéhùn kan ní Bologna tó fún ọba lágbára láti máa yan olórí fún ilé àwọn mọ́ńkì. Láti ìgbà náà lọ, ẹ̀bùn ni ipò náà dà. Ọlọ́lá kan á wà ní Paris, á máa jẹ owó oko La Chaise-Dieu, kò sì pọn dandan kó fi ojú kàn án rí. Kádínà Richelieu wà lára irú àwọn olórí bẹ́ẹ̀, Kádínà Mazarin náà sì wà lára wọn. Èrò tèmi ni pé àdéhùn yìí ṣe ilé náà ní jàǹbá ju ogun lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ogun ni gbogbo ènìyàn máa ń rántí.

Ogun náà dé ní 1562, nígbà tí àwọn Kátólíìkì àti àwọn Huguenot, ìyẹn àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ilẹ̀ Faransé, dojú ìjà kọ ara wọn. Àwọn ọmọ ogun Huguenot wọ ìlú, àwọn mọ́ńkì sá wọ ilé ìṣọ́ gíga tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Àwọn tó wọlé fọ́ àwọn ère kéékèèké ìbátan Póòpù tó yí ibojì rẹ̀ ká. Ohun tí a ń rí níbẹ̀ lónìí jẹ́ ìyókù.

Richelieu, láìka bó ṣe jìnnà síbẹ̀ sí, ṣe ohun rere kan. Ní 1640, ó mú ilé náà wọ ẹgbẹ́ àwọn mọ́ńkì Saint-Maur, àwọn onímọ̀ tó mú ìlànà le. Ìgbà tiwọn ni dùùrù ńlá dé. Wọ́n ṣe é ní 1683 sí òkè ẹnu ọ̀nà, ní òpin ṣọ́ọ̀ṣì tó kọjú sí pẹpẹ. Nígbà tó sì di nǹkan bí 1727, Marin Carouge fi kún un títí ó fi di bó ṣe rí lónìí. Kí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí má ṣe rò pé ó jọ píánò. Afẹ́fẹ́ ló ń ké nínú rẹ̀. Ẹwìrì ńlá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àpótí, bí olórin bá sì tẹ igi kan, afẹ́fẹ́ á gba inú ọ̀pá tánńganran tàbí ti igi kọjá, á dún. Ọ̀pá kékeré a máa ké bí ẹyẹ, ọ̀pá ńlá a máa mi ilẹ̀.

Láàárín ọdún wọ̀nyí, ọba tún rí ìlò mìíràn fún òkè tó tutù náà: ibẹ̀ ló ń lé àwọn tí kò fẹ́ rí lọ. Jean Soanen, bíṣọ́ọ̀bù Senez, dé ibẹ̀ ní 1727 nítorí ọ̀ràn ẹ̀kọ́ ìsìn, ó ti pé ọgọ́rin ọdún, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1740. Ní 1786, ó kan Kádínà de Rohan, tí orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ nínú ọ̀ràn ẹ̀gbà ọrùn dáyámọ́ńdì tí wọ́n ní Ọbabìnrin Marie-Antoinette fẹ́ rà. Rohan ni olórí La Chaise-Dieu lórúkọ. Ìtìmọ́lé ló mú un dé ilé ara rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn ará Faransé dìde sí ìjọba ọba. Ní oṣù Kọkànlá 1789, àwọn aṣòfin sọ gbogbo dúkìá Ìjọ di ti orílẹ̀-èdè. Ní oṣù Kejì 1790, wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ àwọn mọ́ńkì. Orin tó ti ń dún lójoojúmọ́ fún ohun tó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé àwọn mọ́ńkì ni wọ́n tà fún ẹni tó fẹ́ fa òkúta wọn yọ. Ní Royaumont, nítòsí Paris, wọ́n wó ṣọ́ọ̀ṣì náà pátápátá, àwọn yàrá tó kù ni wọ́n ń ṣe ètò orin nínú wọn lónìí. Ohun tó yọ La Chaise-Dieu ni pé àwọn ará ìlú nílò ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n sọ ilé Póòpù di ṣọ́ọ̀ṣì ìjọ kékeré. Ilé tí a kò bá gbé, ahoro ní í dà. Wọ́n gbé e, ṣùgbọ́n ó tóbi jù wọ́n lọ, owó àtúnṣe rẹ̀ kò sì sí nínú àpò wọn. Ìjọba kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ìwé àwọn ilé ìtàn àkọ́kọ́ ní 1840, nígbà tí òǹkọ̀wé Prosper Mérimée jẹ́ alábòójútó wọn. Òrùlé rí àtúnṣe. Dùùrù kò rí. Dùùrù tí a kò bá lò, awọ ẹwìrì rẹ̀ á gbẹ, á ya, eruku á dí ẹnu ọ̀pá, kòkòrò á jẹ igi. Nígbà tó fi di àárín ọ̀rúndún ogún, ti La Chaise-Dieu ti ya odi.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àṣà tuntun kan gbilẹ̀ ní Faransé: àjọ̀dún orin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní ìlú kékeré, nínú ilé àtijọ́. Aix-en-Provence bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1948. Ní 1950, Pablo Casals, ọ̀gá nínú títa sẹ́lò, tó sá kúrò ní Sípéènì nítorí ìjọba Franco, kó àwọn olórin jọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Prades láti fi orin Bach ṣe ìrántí igba ọdún tí Bach ti kú. Èrò ọkọ̀ ojú irin àti mọ́tò ń pọ̀ sí i, àwọn òṣìṣẹ́ ti ní ìsinmi tí wọ́n ń gba owó lé lórí. Àsálà ni Casals wá sí Prades. Ẹni tó dá ti La Chaise-Dieu sílẹ̀ náà, ẹni tó sá kúrò nílùú rẹ̀ ni.

György Cziffra, tí àwọn Faransé ń pè ní Georges, ni wọ́n bí sí Budapest, olú ìlú Họ́ńgárì, ní 1921. Ìdílé ẹ̀yà Róòmà ni, òṣì sì bá wọn fínra. Ọmọ ọdún márùn-ún ló ti ń tẹ píánò fún èrò ní sákọ́ọ̀sì: ẹni tó bá fẹ́ á pe orin kan, ọmọ náà á gbà á, á sì yí i sí oríṣiríṣi lójú ẹsẹ̀. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ orin Liszt, ogun sì gbà á kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn ogun, ilé ọtí ló ti ń tẹ píánò jẹun. Ní 1950, òun àti ìdílé rẹ̀ gbìyànjú láti sá kúrò lábẹ́ ìjọba Kọ́múníìsì, ọwọ́ tẹ̀ wọ́n. Wọ́n fi í sí ẹ̀wọ̀n oníṣẹ́ àṣekára títí di 1953. Òkúta ló ń rù níbẹ̀, ọwọ́ tó fi ń tẹ píánò sì bàjẹ́. Láti ìgbà náà, awọ ló máa ń fi di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kó tó jókòó sídìí píánò. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá 1956, ó ṣe orin píánò kejì Bartók ní Budapest, iṣẹ́ tó le koko. Lọ́jọ́ kejì ni àwọn ará ìlú dìde sí ìjọba. Nínú rúkèrúdò náà ló fi sá lọ sí Vienna, ó sì gba ibẹ̀ dé Paris. Kò pẹ́ tí òkìkí rẹ̀ fi kàn.

Ní 1966, Cziffra ṣe ètò orin ní La Chaise-Dieu kí owó tó bá wọlé lè tún dùùrù ṣe. Onípíánò ń tọrọ owó fún ohun èlò tí kì í ṣe tirẹ̀: ó dùn mọ́ àwọn ènìyàn, wọ́n wá. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún wá. Wọ́n tún dùùrù náà ṣe lóòótọ́, àjọ̀dún náà sì ń bá a lọ nígbà tí ìdí tó fi bẹ̀rẹ̀ ti tán. Lábẹ́ Guy Ramona, tó darí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, píánò bọ́ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, orin ìsìn àti ẹgbẹ́ akọrin ńlá gba iwájú.

Mo rò pé òkúta ló fà á, kì í ṣe ìtara ìsìn nìkan. Ohùn kì í tètè kú nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Bí olórin píánò bá sáré, ohùn tó ti kọjá á lé èyí tó ń bọ̀ bá, gbogbo rẹ̀ á sì dàpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ orin fún ṣọ́ọ̀ṣì ti mọ̀ pé ògiri á dá òun lóhùn. Monteverdi, nínú orin Ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ ti 1610, máa ń jẹ́ kí ohùn kan ké, kí ohùn kejì sì dáhùn láti ọ̀nà jíjìn. Bach, Handel, Charpentier, gbogbo wọn fi àyè sílẹ̀ láàárín gbólóhùn. Àwọn olórin tó ń lo ohun èlò ayé àtijọ́, tí ohùn wọn fúyẹ́, rí ilé tó bá wọn mu níbẹ̀. Iṣẹ́ tó yẹ ibẹ̀ jù ni Máàsì Òkú Mozart, tí òun náà, gẹ́gẹ́ bí àwòrán Ijó Òkú, kò parí nígbà tí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kúrò: Mozart kú lórí rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1791. Bí àwọn akọrin bá ti ń gbìyànjú rẹ̀ lọ́sàn-án, ohùn á gùn jù, nítorí ṣọ́ọ̀ṣì ṣófo. Lálẹ́, aṣọ àti ara àwọn olùgbọ́ á fa díẹ̀ mu. Àwọn tó mọ ibẹ̀ kì í gbàgbé súwẹ́tà, oṣù Kẹjọ kò ní kí òkúta má tutù.

Àṣeyọrí La Chaise-Dieu ti Cziffra sí i. Ní 1973, ó ra ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Frambourg tó ti bàjẹ́ ní Senlis, tí wọ́n ti ń lò bí ibi ìpamọ́ ọkọ̀, ó sọ ọ́ di gbọ̀ngàn orin tó fi orúkọ Liszt pè, ayàwòrán Joan Miró sì ṣe àwòrán sí gíláàsì fèrèsé rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó máa ń darí ẹgbẹ́ olórin fún un, kú nínú iná ní 1981. Cziffra kò tún bá ẹgbẹ́ olórin ṣeré mọ́ títí tó fi kú ní 1994.

Àjọ̀dún náà ti ju ṣọ́ọ̀ṣì kan lọ nísinsìnyí. Le Puy-en-Velay, Brioude àti Ambert máa ń gba apá kan nínú ètò orin, nítorí ìlú kékeré kan kò lè gba gbogbo èrò. Owó àti òkìkí tó mú wá ló jẹ́ kí àwọn aláṣẹ dá iṣẹ́ àtúnṣe ńlá sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkànlélógún yìí. Wọ́n sọ àwọn aṣọ ògiri mẹ́rìnlá náà kalẹ̀, wọ́n fọ̀ wọ́n, wọ́n tún ibi tó ya rán, wọn kò sì dá wọn padà sókè àga. Yàrá mìíràn nínú ọgbà náà ni wọ́n wà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti pọ̀. Ó dára fún aṣọ. Fún orin, mo rò pé wọ́n pàdánù nǹkan.

Ohun kan ṣì wà tí ọ̀pọ̀ àlejò kò mọ̀. Gẹ́gẹ́ bí òfin tó ya Ìjọ sọ́tọ̀ kúrò lára ìjọba ní Faransé ní 1905, ilé ṣọ́ọ̀ṣì tó ti wà ṣáájú òfin náà kì í ṣe ti Ìjọ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn onígbàgbọ́ ló ni lílò rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ètò orin nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ àlùfáà ìjọ, àlùfáà sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè irú orin tí wọ́n fẹ́ kọ. Ṣọ́ọ̀ṣì ti Senlis jẹ́ ti Cziffra nígbà ayé rẹ̀, ohun tó wù ú ló lè ṣe níbẹ̀. Ní La Chaise-Dieu, kí wọ́n tó ta tíkẹ́ẹ̀tì kan, ìwé ètò orin ní láti kọ́kọ́ kọjá lórí tábìlì àlùfáà.